Ṣé A Lè Fún Ajá ní Piriton? Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwọn Tó Ń Sin Ajá Sọ ní Surulere

Ẹ káàsán o, gbogbo ilé. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sọ fáwọn tó ń sin ajá ní Surulere lọ́sàn-án Sátidé ló wà nílẹ̀ yìí, bó ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ìbéèrè táwọn èèyàn bi mí náà wà nínú ẹ̀, torí náà kẹ́ ẹ má retí gírámà lọ́dọ̀ mi. Dókítà ẹranko ni mí, èmi kì í ṣe tíṣà.

Ẹ jẹ́ ká tibi ara tiwa bẹ̀rẹ̀ ná ká tó kan ajá. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ níbí, ẹ rántí chloroquine? Ṣé ẹ rí i, ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ibà á mú èèyàn, wọ́n á gbé chloroquine fún un, kó tó dalẹ́ ara á ti máa yún un látàtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí, àwọn kan á mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ, àwọn kan á lọ jókòó sínú bàfù omi tútù, ìyá mi máa ń ní ká lọ máa yí lórí sìmẹ́ńtì. Oògùn tí gbogbo kẹ́míìsì ń kó tì í nígbà yẹn ni Piriton, oògùn álẹ́jì, tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré yẹ́lò yẹn. Lọ́dún 2005 ìjọba àpapọ̀ yí oògùn ibà padà, wọ́n ní ká fi chloroquine sílẹ̀ ká máa lo àwọn tó ní artemether nínú, chloroquine lọ, Piriton dúró sílé wa. Ara yún ẹ, Piriton. Imú ń dà, Piriton. Ọmọ ò jẹ́ kí ìyá ẹ̀ sùn, àwọn kan ń lo Piriton fún ìyẹn náà, tí kò dáa rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rántí dáadáa, ṣé Piriton yẹn mú yíyún yẹn lọ lóòótọ́? Ẹni tó bá máa sòótọ́ á ní ó kàn kun òun lóorun ni, ara ṣì ń yún òun lójú oorun. Ìdí ni pé yíyún chloroquine yẹn, hisitamíìnì, ìyẹn nǹkan kan tí ara fúnra ẹ̀ ń tú sílẹ̀ tó ń mú un yún, òun nìkan kọ́ ló ń fà á, bẹ́ẹ̀ hisitamíìnì nìkan ni Piriton mọ̀ ọ́n bá jà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ajá yín ò jìnnà síyẹn.

Ìbéèrè tẹ́ ẹ torí ẹ̀ pè mí ni pé ṣé a lè fún ajá ní oògùn álẹ́jì tèèyàn. Mo máa dáhùn kí n má fi yín sílẹ̀ nínú òkùnkùn: ẹ lè fún un, àwa dókítà náà ń fún un, ó ti pẹ́ tá a ti ń fún un. Kì í ṣe májèlé, tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn tí ìwọ̀n ẹ̀ sì bá ajá yẹn mu. Wàhálà tèmi pẹ̀lú ẹ̀ ni pé iṣẹ́ tó ju agbára ẹ̀ lọ lẹ máa ń gbé fún un, tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e fún un tán, ẹ ò ní wá ohun tó ń mú ajá yẹn họra mọ́, ohun yẹn á wá ráyè ṣe bó ṣe fẹ́.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nínú awọ ara tiwa àti tajá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń pè ní mast cell, hisitamíìnì kún inú wọn fọ́fọ́. Tí nǹkan tí ara ò fẹ́ bá dé, bí oró oyin báyìí, sẹ́ẹ̀lì yẹn á tú hisitamíìnì sílẹ̀, hisitamíìnì á lọ jókòó síbì kan tí wọ́n ń pè ní H1, ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á máa yún. Gbogbo ohun tí Piriton àtàwọn oògùn álẹ́jì ẹgbẹ́ ẹ̀, cetirizine, loratadine, diphenhydramine, ń ṣe ò ju pé kí wọ́n sáré gba ìjókòó yẹn kí hisitamíìnì tó débẹ̀. Ẹ gbọ́ o, kí ó TÓ débẹ̀. Daniel Bovet ló kọ́kọ́ rí irú oògùn yìí ṣe, ní Paris lọ́dún 1937, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1957, diphenhydramine tẹ́ ẹ mọ̀ sí Benadryl jáde lọ́dún 1946, nínú gbogbo ìtàn yẹn kò sẹ́ni tó ń ronú kan ajá, èèyàn tó ń sín ni wọ́n ń rò.

Lára ajá tó ní álẹ́jì awọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lo ilé Èkó. Ilé tó ní NEPA, tó ní jẹ́nẹ́rétọ̀, tó tún ní ínfátà, tẹ́ ẹ bá gun òpó lọ gé wáyà NEPA nìkan, gílóòbù ò ní kú. Hisitamíìnì ni NEPA yẹn. Èyí tó ń gbé iná yíyún lára ajá gan-an ni nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní interleukin-31, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ló ń tú u sílẹ̀, tààrà ló sì ń lọ bá iṣan tó ń sọ fún ọpọlọ pé ara ń yún mi. Piriton ò mọ̀ ọ́n, wọn ò pàdé ara wọn rí. Ìdí tí ajá yín fi gbé Piriton mì láàárọ̀ tó sì ń họra títí dalẹ́ nìyẹn, kì í ṣe pé ayédèrú lẹ rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayédèrú pọ̀ nígboro o, ẹ máa wo nọ́ńbà NAFDAC.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Nígbà tí wọ́n wọn diphenhydramine nínú ẹ̀jẹ̀ ajá tó gbé e mì, èyí tó dé inú ẹ̀jẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Àwọn àgbà tó ń rí sí álẹ́jì ẹranko lágbàáyé, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní ICADA, tún ìlànà ìtọ́jú wọn ṣe lọ́dún 2015, ibi tí wọ́n fi àwọn oògùn yìí sí ni pé àǹfààní wọn kéré, tẹ́ni kan bá sì fẹ́ lò wọ́n rárá kó máa fún ajá lójoojúmọ́ kí yíyún tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó ti ya ara ẹ̀ tán.

Bàbá kan dìde níbẹ̀ yẹn, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ má bínú, tèmi ń ṣiṣẹ́ o, tí mo bá fún un ní Piriton, kò ní họra mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́." Mo ní bàbá, kí ló máa ń ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́? Wọ́n ní ó máa ń sùn. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní bàbá, ẹ ò parọ́, ajá tó ń sùn ò lè họra. Èmi ò sọ pé ìyẹn ò wúlò, ajá tó ti ń họra láti òwúrọ̀ nílò ìsinmi, awọ ẹ̀ náà nílò ẹ̀. Kẹ́ ẹ ṣáà mọ̀ pé oorun lẹ rà, kẹ́ ẹ má pè é ní ìwòsàn. Àwọn ajá kan sì wà tó jẹ́ òdìkejì ló máa ṣe, ẹ fún un tán kó wá máa sáré káàkiri bí ẹni tí wọ́n lé.

Ó dáa, kí ló wá ń mú ajá họra? Ní Èkó yìí, kí n tó dárúkọ álẹ́jì rárá, kòkòrò ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. Àti eégbọn o, àti èyí kékeré tó máa ń fò yẹn, tí òyìnbó ń pè ní flea, èyí tó ń fò ló burú jù fún awọ. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ rèé, kẹ́ ẹ fọkàn sí i: ẹ mú tíṣù funfun, ẹ fi omi rẹ ẹ́ kó tutù. Ẹ dojú kọ ẹ̀yìn ajá, ibi tí ìrù ti bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ fọwọ́ la irun ibẹ̀ dé awọ. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan dúdú wínníwínní, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí tíṣù yẹn kẹ́ ẹ dúró díẹ̀. Tó bá jẹ́ iyanrìn, á dúdú lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń tàn ká inú tíṣù, ẹ̀jẹ̀ ajá yín nìyẹn, kòkòrò yẹn mu ún, ó yà á sílẹ̀.

Àǹtí kan gbé Lhasa funfun wá bá mi láti Ebute Metta, irun ìdí ajá yẹn ti fẹ́ẹ̀ tán, wọ́n ń fún un ní Piriton láàárọ̀ lálẹ́, wọ́n tún ra cetirizine tì í. Mo ṣe tíṣù yẹn lójú wọn, tíṣù pọ́n. Wọ́n ní, "Dókítà, ilé mi mọ́ o, táìsì ni wọ́n fi ṣe é, ajá yìí kì í jáde." Mo ní àǹtí, mo gbà pé ilé yín mọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ kúṣìnì ti tó kòkòrò yìí láti yé ẹyin sí, èyí tẹ́ ẹ̀ ń rí lára ajá kò tó nǹkan kan, ẹyin àtàwọn ọmọ ẹ̀ tó wà nílẹ̀ ilé ló pọ̀ jù. Ajá tí kòkòrò yẹn bá ti di álẹ́jì fún, kí ọ̀kan tàbí méjì bù ú jẹ ti tó, itọ́ ẹ̀ ni ara ń bá jà. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo Piriton tó wà ní Idumota fún un, tí kòkòrò yẹn bá ṣì ń bù ú jẹ, á máa họra. Oògùn kòkòrò ló gbà á, ajá ẹ̀ ti hurun báyìí. Àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì tí ajá ń jẹ wà báyìí, èyí tó ní afoxolaner tẹ́ ẹ máa fún un lóṣooṣù, èyí tó ní fluralaner tó máa gbé e tó ọ̀sẹ̀ 12, ó wọ́n ju Piriton lọ mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò gbogbo Piriton tẹ́ ẹ ti rà. Ẹ sì tọ́jú gbogbo ẹranko tó wà nílé pọ̀, kí ẹ má tọ́jú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ológbò, ẹ má fi oògùn ajá tó ní permethrin kan ológbò láé, á pa á.

Lẹ́yìn ìyẹn, kúrúnà. Etí etí ajá, ìgúnpá, abẹ́ ikùn, awọ á le, irun á re, yíyún ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò ra etí ajá yẹn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í họ afẹ́fẹ́, ẹ dán an wò. Tí ara bá tún ń yún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé e mọ́ra, tó ń sú yín lọ́wọ́ àti níkùn, kò sóhun tá a tún ń wádìí púpọ̀. Èyí náà ò gbọ́ Piriton. Mo sì mọ ohun táwọn kan nínú yín ń fi wo kúrúnà, kẹ́ ẹ má wojú mi báyẹn, kọndẹ́m ọ́ìlì. Ẹ ó lọ bá mẹkáníìkì, ẹ ó gba ọ́ìlì dúdú tó ti jáde nínú ẹ́ńjìnnì, ẹ ó fi pa ajá lára látorí dé ìrù. Ajá kì í wọ aṣọ, ahọ́n ni ajá fi ń wẹ̀, gbogbo ọ́ìlì yẹn ló máa lá mì, pẹ̀lú irin wẹ́wẹ́ tó wà nínú ẹ̀, ikùn ẹ̀ gbà á, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ gbà á. Ìsáàlì náà bẹ́ẹ̀, ṣálángá ni wọ́n ṣe ìsáàlì fún, wọn ò ṣe é fún awọ ajá. Ẹni tó bá sì ń gún ivermectin, oògùn kòkòrò kan, fún ajá yín ní kọ́nà, ẹ ní kó dúró ná, àwọn irú ajá kan wà tí ọpọlọ wọn ò lè dènà ẹ̀, Collie ni wọ́n mọ̀ jù, ṣùgbọ́n nínú Alsatian náà àwọn kan wà tó ní in.

Tá a bá ti lé kòkòrò lọ, tá a lé kúrúnà lọ, tá a wò ó pé kì í ṣe làpálàpá, pé kì í ṣe olú tín-ín-tín tí wọ́n ń pè ní yeast, tó máa ń hù lára awọ lásìkò òjò tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ajá pọ́n kó sì máa rùn, ìgbà yẹn la tó wá jókòó sọ̀rọ̀ álẹ́jì. Ajá tó ní álẹ́jì ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ ló máa ń lá, ojú ló máa ń fi ra kápẹ́ẹ̀tì, abíyá, ikùn, inú etí. Èyí tó ń dà á láàmú jù ni kòkòrò inú eruku ilé tí ojú ò lè rí, Èkó tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ẹ̀ tó sì máa ń lóòru yìí gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Ẹnì kan ní ajá èkùkẹ́ kì í ní álẹ́jì, pé ajá òyìnbó ló ń ṣe é. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ìran kan wà tó pọ̀ jù lára wọn, ṣùgbọ́n èkùkẹ́ náà lè ní in, a kì í sábà mọ̀ torí pé eégbọn ti bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń gbé èkùkẹ́ wá sọ́dọ̀ dókítà nítorí pé ó ń họra.

Oúnjẹ náà wà níbẹ̀. Màmá kan bi mí pé, "Láti kékeré ló ti ń jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ẹran màlúù, ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di álẹ́jì ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, ohun tí ara ti mọ̀ tipẹ́ ni ara máa ń bá jà, ohun tí kò rí rí kò tíì mọ bó ṣe máa bá a jà. Lára ajá, ẹran màlúù ló ṣíwájú, lẹ́yìn náà wàrà, adìẹ, àlìkámà. Kò sí tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tó ṣeé gbára lé fún un, ohun tá a máa ń ṣe ni pé ká yan oúnjẹ tí ajá yẹn ò jẹ rí, òun nìkan ni á máa jẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, ká wá dá oúnjẹ tàtijọ́ padà ká wò ó bóyá yíyún á padà wá. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nílé wa ni pé bàbá àgbà á ju egungun sí i lábẹ́ tábìlì, mégáàdì á fún un ní búrẹ́dì, ọmọ á fún un ní bísíkíìtì, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yẹn tó pé, ó ti jẹ gbogbo ọjà Tejuosho tán. Piriton ò ní ṣe ohunkóhun síyẹn náà.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ní Rottweiler ní, "Dókítà, ẹ ti bu Piriton kù tán, kí la wá fẹ́ máa fi í ṣe?" Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ó níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ gidi. Tí oyin bá ta ajá yín lẹ́nu, ẹ mọ̀ pé ajá máa ń fẹnu bá oyin jà, tí ojú ẹ̀ wú tó ètè ẹ̀ wú, tàbí tí ara ẹ̀ ṣàdédé lé kókó kókó káàkiri, tàbí tó gbabẹ́rẹ́ àjẹsára lónìí tí ojú wú lálẹ́, hisitamíìnì ló ń ṣe ìyẹn, oògùn yìí mọ ìyẹn dáadáa. Ẹ fún un, kẹ́ ẹ sì pè wá, torí abẹ́rẹ́ yá ju tábúlẹ́ẹ̀tì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ètè ẹ̀ wo èrìgì. Tí èrìgì bá funfun, tó bá ń bì, tó ń yàgbẹ́ gbuuru lójijì, tí ẹsẹ̀ ò gbé e dúró, tí kò lè mí dáadáa, ẹ má wá Piriton kankan, ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Abẹ́rẹ́ adrenaline ló máa gba irú ẹ̀ là, ó wà lọ́dọ̀ wa, kò sí nínú àpótí oògùn yín.

Ibòmíràn tó tún wúlò ni ara ajá tó jẹ́ pé yíyún ẹ̀ kéré, tàbí èyí tá a ti fi prednisolone, oògùn stẹ́rọ́ìdì, tù, a lè fi oògùn álẹ́jì tì í kí prednisolone yẹn lè dínkù. Prednisolone ṣiṣẹ́ o, kíá ni, kò wọ́n, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń rà á fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ ni ajá á máa mu omi bí ẹni tó rin aginjù, á máa tọ̀ sílé, á máa jẹun àjẹjù, tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ àtọ̀gbẹ lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sì ti ń fún un tipẹ́, kó má dá a dúró lójijì, díẹ̀díẹ̀ la máa ń sọ̀ ọ́.

Ó dáa, ìwọ̀n, mo mọ̀ pé ẹ ń dúró de ìwọ̀n. Kẹ́ ẹ tó fún un ní nǹkan kan, ẹ wọn ajá yín. Ẹ gbé e mọ́ra, ẹ gorí ìwọ̀n, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ tún gorí ẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹni tó bá ní Boerboel, ẹ wá sọ́dọ̀ wa jàre, kẹ́ ẹ má dá ẹ̀yìn yín. Cetirizine, mílígíráàmù kan sí kìlò kan, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ajá kìlò 10 á gba tábúlẹ́ẹ̀tì mílígíráàmù 10 kan. Ó dáa díẹ̀ torí kì í kun ajá lóorun tó Piriton. Piriton fúnra ẹ̀, chlorpheniramine mílígíráàmù 4, Lhasa kìlò márùn-ún á gba ààbọ̀, Alsatian kìlò 30 á gba méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó korò, tẹ́ ẹ bá lọ̀ ọ́ sínú oúnjẹ, ajá á tu oúnjẹ dànù, odindi ni kẹ́ ẹ fi oúnjẹ bò. Diphenhydramine, mílígíráàmù méjì sí kìlò kan, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn o, ẹ má kó méjì pọ̀ bíi ti àǹtí ọjọ́sí. Ẹ lo ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ lè gbìyànjú òmíràn, torí ajá kan á gbọ́ ti cetirizine tí kò gbọ́ ti Piriton. Tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá sì ṣe nǹkan kan, ẹ dákẹ́ ríra. Ajá tó ní wárápá, èyí tó ní àrùn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, èyí tí ìtọ̀ ò yá lára ẹ̀, èyí tó lóyún tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú, èyí tí ẹ fi oògùn amitraz wẹ̀ fún kúrúnà, ẹ béèrè lọ́wọ́ wa kẹ́ ẹ tó fún un. Tó bá sì gbé odindi sáṣẹ́ẹ̀tì mì nígbà tẹ́ ẹ ò sí nílé, ẹ má dúró wò ó, gìrì ló ń fà.

Ohun tó ń pa ajá jù lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, oògùn álẹ́jì kọ́, ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ni. Ẹ dé kẹ́míìsì ẹ ní ẹ fẹ́ Piriton, wọ́n ní kò sí, wọ́n fún yín ní oògùn kàtá, wọ́n ní nǹkan kan náà ni. Kì í ṣe nǹkan kan náà! Ẹ yí páálí yẹn padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí paracetamol, tẹ́ ẹ rí ibuprofen, tẹ́ ẹ rí caffeine, tẹ́ ẹ rí phenylephrine, ẹ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá rí pseudoephedrine, ẹ dá a padà kíákíá, òun ni lẹ́tà D tó máa ń wà lẹ́yìn orúkọ àwọn oògùn álẹ́jì kan. Tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kan lè ní mílígíráàmù 60, ajá kìlò 10 tó bá gbé ọ̀kan bẹ́ẹ̀ mì, ọkàn ẹ̀ á máa sáré, ara ẹ̀ á gbóná, kò ní lè jókòó, tó bá gbé méjì mì, ó lè kú. Méjì péré. Síróòpù ọmọdé náà, àwọn mìíràn lọ́tí nínú, àwọn tó ní kò ní ṣúgà lè ní xylitol, ìyẹn á já ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ajá wálẹ̀ lójijì, á tún ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ohun kan náà ló wà nínú àwọn ṣingọ́ọ̀mù kan. Èèyàn ń jẹ ẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan, kẹ́ ẹ má fi ara tiwa wọn ti ajá.

Bàbá yẹn tún dìde, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀yin dókítà ò kàn fẹ́ ká máa wá sanwó ni?" Mo ní bàbá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ sanwó, mi ò ní parọ́ fún yín, iléèwé ọmọ wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, oògùn tó ń bá interleukin-31 yẹn jà gan-an ti wà báyìí, oclacitinib tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, tábúlẹ́ẹ̀tì ni, a kì í fún ajá tí kò tíì pé ọdún kan, lẹ́yìn ẹ̀ lokivetmab, abẹ́rẹ́ ni ìyẹn, inú fìríìjì ló gbọ́dọ̀ wà láti ibi tó ti ń bọ̀ títí dé ara ajá, ẹ̀yin náà mọ iná wa, torí náà ẹ má ra èyí tí ẹnì kan gbé sínú báàgì. Wọ́n wọ́n, kì í ṣe gbogbo ajá ló sì nílò wọn. Ajá mìíràn, wíwẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ṣaḿpù ajá àti òróró ẹja ti tó, òróró ẹja yẹn á gbà tó oṣù méjì mẹ́ta kó tó hàn, ẹ má bínú dà á nù ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn wá látọ̀dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ń tọ́ ajá fáwọn èèyàn ní Yaba, ó ní tóun bá fẹ́ gbé ajá wá kí dókítà yẹ awọ ẹ̀ wò, kí ló yẹ kóun kó dání. Ìbéèrè ọlọgbọ́n nìyẹn. Kó páálí gbogbo oògùn tó ti jẹ wá, títí kan èyí tójú ń tì ẹ́ láti dárúkọ. Fi fóònù ká a sílẹ̀ nígbà tó bá ń họra, torí tó bá dé iwájú wa, ẹ̀rù á bà á, kò ní họra. Kọ ohun tó ń jẹ sílẹ̀, gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ tẹ́ẹ̀sì álẹ́jì abẹ́ awọ la fẹ́ ṣe, a ti gbọ́dọ̀ dá Piriton àtàwọn ará ẹ̀ dúró tó ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, prednisolone jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n pè wá ná kó o tó dá èyíkéyìí dúró. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má wẹ ajá láàárọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ ń gbé e bọ̀. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ ó fọ ajá, ẹ ó ya á, ẹ ó fi pọ́fúùmù sí i bí ẹni ń lọ òde, gbogbo ohun tí mo fẹ́ wá nínú irun yẹn ni ẹ ó ti ṣàn dànù sí gọ́tà.